Ohùn Ará Kútọnu Nínú Sípíkà Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Mi ò purọ́ fún ìyá mi. Mo kàn sọ òótọ́ ṣáájú ìgbà tó máa ṣẹlẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí mo ń kúrò ní Pobẹ̀, mo dúró lójú títì, mo sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé Nàìjíríà ni mò ń lọ, pé tí wọ́n bá tún máa gbúròó mi, inú rédíò ni wọ́n á ti gbọ́ ọ. Mo ti kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe rédíò fún oṣù mẹ́fà ní Àjàṣẹ́. Ọ̀gá mi ní kí n lo ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta kí ni? Ohun tó wà nínú rédíò ò ju wáyà àti eruku lọ. Ilé ìwé náà, mo fi sílẹ̀ nígbà tó ku ọdún méjì, torí tíṣà tó ń kọ́ wa ní Faransé, èmi gan-an mọ ìgbà tó ń ṣì í sọ. Èèyàn bíi tèmi kì í pẹ́ níbi kan.

Wọ́n ní Yorùbá kan náà ni gbogbo wa. Ìjọ̀ngbọ̀n tí mo kọ́kọ́ rí ní Ìjẹ̀bú-Òde nìyẹn. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo kí ìyá àgbà kan tó ń ta gaàrí. Mo kí i dáadáa o, mo dọ̀bálẹ̀. Ó wò mí, ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀.

"Kí ni ọmọ Kútọnu yìí ń wí?"

Mi ò dé Kútọnu rí láyé mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, orúkọ tí bàbá mi sọ mí di ohun tí èmi nìkan mọ̀. Kútọnu, wá síbí. Kútọnu, gbé e. Gaàrí ìyá yẹn kan bí ohun tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò, wọ́n sì ń fi yangàn. Mo sọ fún gbogbo èèyàn pé gaàrí wọn ò dáa. Nígbà tó di oṣù kejì, mo ti ń mu ún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àmọ́ mi ò jẹ́ kí wọ́n rí mi.

Iṣẹ́ tí mo rí ni igi lílà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Ayépé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa di tíṣà. Ilé ìdáná wọn ni wọ́n fi mí sí. Obìnrin méje ló ń se oúnjẹ níbẹ̀, olórí wọn ni Ìyá Ṣadé, obìnrin Ibefun. Ara rẹ̀ tóbi, ohùn rẹ̀ tóbi jù ú lọ.

"Kútọnu, igi yìí tutù."

"Kò tutù, mà."

"Mo ní ó tutù. Ṣé o rò pé ọkọ ni mò ń sunkún, tí ojú mi ń ṣomi báyìí?"

Àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín. Èmi á gbé òmíràn wá.

"Kó o sì yé sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kọrin. O ń mú mi fẹ́ jó, mo sì níṣẹ́ lọ́wọ́."

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn. Àmọ́ ní àkókò tí ìjọba ń lé àwọn àjèjì, tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bú mi ń béèrè ọjọ́ tí mo máa di ẹrù, Ìyá Ṣadé pè mí sẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ní tí ọlọ́pàá bá wá, ọmọ òun ni mí. "Èmi ni màá sọ̀rọ̀. Ìwọ, odi ni ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. O gbọ́? Tó o bá lanu pẹ́nrẹ́n, a ti kó sí wàhálà." Mo ní mo gbọ́. Inú bí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi tí mo kúrò nílé torí kí ayé lè gbọ́ ohùn mi, wọ́n ní odi ni kí n ṣe kí n tó lè dúró.

Ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn obìnrin bá ti lọ, oníkálukú sí ilé tí wọ́n ti mọ orúkọ rẹ̀, èmi á jókòó sórí igi tí mo là, màá máa bá ara mi sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Pobẹ̀. Èmi ni màá kí, èmi náà ni màá dáhùn. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi láti máa ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣàkíyèsí pé àwọn ọ̀rọ̀ kan ti ń pẹ́ kí wọ́n tó wá sẹ́nu mi, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó dúró wòran.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti rédíò wọn.

Rédíò ni wọ́n pè é. Ẹ jọ̀ọ́, rédíò wo ni kì í kọjá géètì? Yàrá kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ìwé sí. Ampilifáyà kan, máìkì kan tí wọ́n fi téèpù dì lọ́rùn, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì méjì, àti sípíkà mẹ́rin. Ọ̀kan wà nílé ìjẹun, ọ̀kan níbi tí àwọn ọkùnrin ń sùn, ọ̀kan lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, ẹ̀kẹrin wà lórí táńkì omi tó dojú kọ títì àti ọjà kékeré tó wà lódìkejì. Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra wọn ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, kò sí tíṣà kankan níbẹ̀. Dípọ̀ ni ọ̀gá wọn, ọmọ dókítà kan nílùú, ó fi òróró pa irun rẹ̀ títí ó fi ń kán sí kọ́là. Fúnkẹ́ ló ń ka ìròyìn. Imú ló fi ń kà á.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á sọ ẹni tó ń fẹ́ ẹni, ẹni tó jí ẹran nínú ọbẹ̀, ẹni tó sùn nínú kíláàsì. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, bọ́ọ̀lù ni. Àwọn ọmọ Ibefun gbá góòlù márùn-ún wọlé wọn lọ́sẹ̀ kan. Mo wà níbẹ̀, mo fojú mi rí i. Nígbà tó di Wẹ́sìdeè, sípíkà ní àwọn ọmọ wa gbá bọ́ọ̀lù tó wuyì, pé pápá ló ń yọ̀. Pápá tó gbẹ bí àkàrà àná. Lọ́jọ́ Ẹtì, ètò kan wà tí wọ́n pè ní Àṣà Wa. Ọmọ tí ò lè ki bàbá tó bí i ló ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ki èèyàn. Orí ìwé ló ti ń kà á. Ó ń ki àwọn baba ńlá rẹ̀ lọ, ó dé ìsàlẹ̀ ìwé, ó dákẹ́, a gbọ́ ọ tó ń ṣí ojú ewé kejì, ó tún ń bá a lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ẹ̀rọ kejì ká gbogbo ètò náà sí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn. Tiwọn náà á sì dé. Bí wọ́n ṣe ń fi asán ránṣẹ́ síra wọn nìyẹn.

Báwo ni mo ṣe mọ gbogbo èyí? Èmi ni mò ń tún un ṣe. Ọjọ́ kan ni sípíkà ilé ìjẹun dákẹ́, tí wọ́n yí i ká bí òkú, tí Dípọ̀ ń gbá a létí. Mo gbé àáké mi sílẹ̀, mo gun tábìlì, mo so wáyà kan tó já, ó sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, tí nǹkan bá ti bàjẹ́, "Ẹ lọ pe Kútọnu." Tí ó bá ti dára tán, "Kútọnu, wọ́n ń wá ẹ ní ilé ìdáná."

Àbúrò mi obìnrin ń bá oníṣòwò oògùn kan tajà ní Àjàṣẹ́, tẹlifóònù wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ìyá mi á wá láti Pobẹ̀, á jókòó tì í. Èmi náà á lọ tò sí ilé tẹlifóònù ní Ìjẹ̀bú-Òde títí wọ́n á fi pariwo "Àjàṣẹ́, yàrá kejì."

"Ṣé o ń jẹun, ọkọ mi?"

"Mò ń jẹun, Màmi."

"Iṣẹ́ wo lo wá ń ṣe níbẹ̀ gan-an?"

Mo wo ọwọ́ mi. Èérún igi wà lábẹ́ èékánná.

"Iṣẹ́ rédíò ni."

"Ṣé o ń tún un ṣe?"

"Mò ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀."

Ó gbé tẹlifóònù kúrò lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá ra oògùn pé ọmọ òun ń sọ̀rọ̀ ní rédíò Nàìjíríà. Mo gbọ́ tí àwọn aláìsàn pátẹ́wọ́ fún mi.

Oṣù tó tẹ̀lé e, ó ní àwọn ti yí bọ́tìnnì rédíò títí ọwọ́ fi ń dun àwọn, Hausa nìkan ni àwọn ń gbọ́. Mo ní rédíò wọn ló kéré. Oṣù tó tún tẹ̀lé e, ó ní ẹ̀gbọ́n òun, Bàbá Láídé, ń bọ̀ wá ra obì ní Ṣágámù, pé á yà sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Ẹtì.

"Kò sí wàhálà," mo ní.

"Ó ní òun fẹ́ fi etí ara òun gbọ́ ẹ. Ó ní bí òun ò bá gbọ́ ẹ, òun ń mú ẹ bọ̀ nílé ni. Oko ẹ̀gẹ́ bàbá ẹ ti di igbó."

Bàbá Láídé kì í ṣe eré. Òun ló sanwó ilé ìwé tí mo fi sílẹ̀, kò sì tíì dárí jì mí. Bí ó bá ní kí n kó ẹrù mi, màá kó o. Gbogbo Pobẹ̀ á sì dúró lójú títì tí mo ti yangàn, wọ́n á máa wò mí bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n pè mí pé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kan ń jẹ téèpù. Mo ní, "Dípọ̀, fún mi ní ìṣẹ́jú méjì lọ́jọ́ Ẹtì."

"Ìṣẹ́jú méjì kí ni?"

"Kí n kí àwọn èèyàn lórí máìkì."

"Pẹ̀lú ohùn yìí? Wọ́n á rò pé sípíkà ló tún bàjẹ́."

Fúnkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ gan-an, imú ló gbà jáde.

"Tún ẹ̀rọ ṣe ná," Dípọ̀ ní. "Nǹkan ńlá wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn fún Àṣà Wa."

Mo tún un ṣe. Mo fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí kí n lè mọ̀ bóyá ó ń sáré jù. Ohun tí mo gbọ́ mú kí irun apá mi dìde. Ọkùnrin ni mí, mo mọ ohun tó ń dún bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní kọ ọ́ síbí. Ó ń hu bí ìjì tó há sínú ìgò, àwọn ọkùnrin ń dá a lóhùn.

"Orò nìyí," mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí Fúnkẹ́ má baà gbọ́.

"Mo mọ̀. Ojú fèrèsé bàbá bàbá mi ní Ayépé ni mo gbé ẹ̀rọ kọ́. Ó dáa, àbí?"

"Àwọn obìnrin ńkọ́?"

"Kásẹ́ẹ̀tì ni, Kútọnu. Kásẹ́ẹ̀tì ò ní ẹsẹ̀."

"Ṣé obìnrin tó ń ta ata lódìkejì mọ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì ni?"

"Kí lo mọ̀ nípa àṣà Ìjẹ̀bú? Ṣé Orò wà ní Kútọnu ni?"

Níbi tí wọ́n ti bí mi, tí Orò bá máa jáde, wọ́n á ti kéde rẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà, ìyá mi á ti pọnmi, á ti dáná, á ti ti ilẹ̀kùn. Ọmọdé mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí n sọ ọ́. Ó yẹ kí n lọ bá Ìyá Ṣadé. Ṣùgbọ́n mo rí Bàbá Láídé lójú mi, mo rí oko ẹ̀gẹ́.

"Ìṣẹ́jú méjì mi ńkọ́?"

"Tó o bá lè panu mọ́, wàá rí i gbà lẹ́yìn ètò."

Mo panu mọ́. Nígbèésí ayé mi, ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni mo ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Bàbá Láídé dé kí oòrùn tó kàntàrí. Mo mú un jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọjà kékeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin aláta, mo ra ọsàn fún un. Nígbà tó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó di ọwọ́ náà mú, ó yí àtẹ́lẹwọ́ mi síta, ó wo ibi tí àáké ti bó o.

"Rédíò náà dà?"

Mo tọ́ka sí sípíkà.

"Lórí táńkì omi?"

"Ibẹ̀ ló ti ń jáde, Bàbá."

Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ta ewúrẹ́ aláìsàn fún. Mo sáré padà sí yàrá rédíò.

Dípọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ó fi òyìnbó lọ́ ọ títí, kò dárúkọ ohun tó fẹ́ gbé sí i. Ó ní kí a gbọ́ ohùn àwọn baba wa. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Orò hu láti orí táńkì.

Fúnkẹ́ tó máa ń sọ pé àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́, òun ló kọ́kọ́ wà lábẹ́ tábìlì. Ó fi síkẹ́ẹ̀tì bo orí. Mo wo ojú fèrèsé. Ọjà ti tú. Ata dà sílẹ̀ pupa, igbá ń yí lórí títì láìsí ẹni tó ni ín. Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, fèrèsé ń pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan, pà, pà, pà. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná náà pa dé. Orò tí wọ́n kéde, obìnrin mọ bó ṣe máa ṣe é. Orò tí wọn ò kéde, lọ́sàn-án gangan, nǹkan burúkú ló ti ṣẹlẹ̀ nílùú. Ẹni tó bá yọjú, ara rẹ̀ ló fi ń ṣeré.

Dípọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó pa kásẹ́ẹ̀tì, ó gbá máìkì mú.

"Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ọ̀wọ́n, ẹ máa jáde. Kásẹ́ẹ̀tì lásán ni."

Kò sẹ́ni tó jáde. Ó tún un sọ. Fèrèsé kan tó ṣì ṣí díẹ̀ pa dé. Obìnrin wo ló máa jáde torí pé ọkùnrin tí kò mọ̀ ń fi imú pè é? Ohùn rédíò wọn, kì í ṣe ohùn ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti fi òyìnbó fọ̀ ọ́ títí, ìyá tó bí Dípọ̀ gan-an ò lè dá a mọ̀.

Ìgbà yẹn ni mo rí èéfín. Ẹ̀wà ọ̀sán wà lórí iná, ìkòkò ńlá mẹ́rin, kò sẹ́ni tó ń rò ó. Àwọn obìnrin méje ti sá wọ yàrá tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí lẹ́yìn ilé ìdáná, ibẹ̀ ò ní ju fèrèsé kékeré kan lọ, èéfín sì ń wọlé tọ̀ wọ́n. Igi gbígbẹ ni mo kó síbẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Mo fẹ́ kí Ìyá Ṣadé yìn mí fún ẹ̀ẹ̀kan. Tí mo bá sáré lọ kan ilẹ̀kùn, kò sí obìnrin tó máa ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin tó ń kanlẹ̀kùn lásìkò Orò.

Mo gba máìkì lọ́wọ́ Dípọ̀. Kò jà.

Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún Bàbá Láídé, ọ̀rọ̀ ńlá ńlá, mo ti kọ́ bí mo ṣe máa fi imú sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ sá lọ. Ohùn Pobẹ̀ ló jáde, bó ṣe máa ń jáde lórí igi ní ìrọ̀lẹ́.

"Ìyá Ṣadé, èmi ni. Kútọnu ni. Igi tí ẹ ní ó tutù lánàá, èyí tòní gbẹ, ẹ̀wà ń jóná. Kò sí Orò níta o. Dípọ̀ ló ká a sí kásẹ́ẹ̀tì. Mo ti mọ̀ láti Wẹ́sìdeè, mi ò sọ fún yín torí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú rédíò. Tí ẹ bá jáde, ẹ kọ́kọ́ sọ ẹ̀wà kalẹ̀, kí ẹ tó nà mí. Màmá aláta, ewúrẹ́ wà nídìí ẹ̀fọ́ ẹnì kejì yín. Bọ̀ọ̀dá ìyá mi ló jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ má bínú sí i, kò mọ bí wọ́n ṣe ń lé ewúrẹ́ Ìjẹ̀bú."

Mo gbé máìkì kalẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí. Orí Ìyá Ṣadé ló kọ́kọ́ yọ, ó ń wúkọ́, ó ti di ọmọ orógùn mú. Àwọn mẹ́fà yòókù tẹ̀lé e. Fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Lódìkejì títì, obìnrin aláta jáde láti abẹ́ àtíbàbà, ó wo táńkì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Fúnkẹ́ nìkan ló ṣì wà lábẹ́ tábìlì.

Ìyá Ṣadé nà mí lóòótọ́. Ọmọ orógùn náà ló fi nà mí, ó ṣì gbóná. Nígbà tó nà mí tán, ó yíjú sí àwọn yòókù, ó ní, "Mo mọ̀ pé òun ni. Kò sí olórò tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kọrin."

Bàbá Láídé wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ọsàn tí mo rà fún un ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé bó o ṣe máa ń sọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn?"

Ó jẹ ọsàn náà tán, ó nu ọwọ́, ó ní ọkọ̀ Ṣágámù ń bọ̀. Kò sọ pé kí n kó ẹrù.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn àgbà ìlú ti wà lọ́dọ̀ pírínsípà. Bàbá Dípọ̀ fi mọ́tò wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sọ ohun tó máa fi ṣètùtù fún un. Wọ́n ti yàrá rédíò pa. Ta ni wọ́n sì ní kó gun táńkì lọ tú sípíkà? Dípọ̀ ń sọ káàkiri pé òun lòun kọ́ mi ní ohun tí mo sọ. Kó máa sọ ọ́. Ẹ̀rọ kejì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn, bó ṣe máa ń ṣe. Ẹnì kan ti jí kásẹ́ẹ̀tì náà jáde, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn láti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo gbọ́ pé wọ́n ń gbọ́ ọ níbi tí mi ò dé rí. Nínú gbogbo ètò tí wọ́n ṣe ní rédíò yẹn, ohun tí ẹnikẹ́ni tún fẹ́ gbọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀wà.

Sátidé àkọ́kọ́ pé. Yàrá kejì.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní o sọ̀rọ̀, gbogbo obìnrin ìlú sì jáde," ìyá mi wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmi."

"Ohùn wa lo fi sọ ọ́, àbí tiwọn?"

"Tiwa."

"Ìgbà wo lo tún máa sọ̀rọ̀?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, ó ti wọ bàtà, ó ti fẹ́ jáde.

"Wọ́n ti tì í pa. Igi ni mò ń là níbí, Màmi. Láti ọjọ́ tí mo ti dé."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò bọ̀ ẹ́ lẹ́nu."

Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ti ń kan dígí. Mo fẹ́ dágbére.

"Dúró ná," ìyá mi ní. "Ẹ̀wà yẹn, ṣé ó ṣeé jẹ?"

"Ó jóná, ṣùgbọ́n a jẹ ẹ́."